Jẹ́ Kí Lindiwe Fà Á Wò Kó O Tó Fọwọ́ Sí I

Auckland Park,
Johannesburg.
Àárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Mórẹ́nikẹ́ ọmọ mi, Àjọkẹ́ mi,

Mo mọ̀ pé ìwé gígùn máa ń sú ọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sórí fóònù, wàá dá mi lóhùn pé "Noted, Mummy," wàá fi àwòrán àtàǹpàkò kékeré yẹn sí i, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó sídìí tábìlì bàbá yín tí mo ń fi bírò kọ ọ́. Wọ́n ti lọ kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé wọn, ilé dákẹ́, tíì mi wà níwájú mi. Kà á nígbà tó o bá ń jẹun ọ̀sán, má kà á nínú ìpàdé.

Ọ̀rọ̀ àná ni. Ìwọ àti Dàpọ̀ àbúrò rẹ wá jẹun lẹ́yìn ìsìn, inú mi sì dùn sí i. O sọ fún wa pé iṣẹ́ tuntun tó o gbà níbi tí wọ́n ti ń ra nǹkan fún àwọn ọlọ́pàá ìlú ti bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu, pé wọ́n ti fi ọ́ ṣe olórí ìgbìmọ̀ tó máa yan ìbọn pọ́m̀pù fún àwọn ọkọ̀ pàtúróòlù, àti pé ọjọ́ Ẹtì yìí lo máa fọwọ́ sí i. Mo bi ọ́ pé èwo lẹ fẹ́ mú nínú mẹ́ta tí àwọn oníṣòwò gbé wá. O ní, "Mọ́mì, èyí tó gùn yẹn ni. Dàpọ̀ ti yìn ín ní pápá ìyìnbọn, ó ní ó bá òun lára mu gan-an. Tó bá ti dáa fún àbúrò mi, ó dáa fún gbogbo wọn." Dàpọ̀ fi ẹran sẹ́nu, ó ní, "Shap, sister mi." Bàbá yín rẹ́rìn-ín. Èmi dìde, mo lọ bu ọbẹ̀ sí i.

Mi ò fẹ́ sọ ọ́ nídìí oúnjẹ, torí wàá rò pé mo fẹ́ dójú tì ọ́ níwájú àbúrò rẹ. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀ láti àná. Dàpọ̀ wà lára àwọn tó máa gbé ìbọn yìí kiri àdúgbò Hillbrow, òun àti Lindiwe tí wọ́n jọ ń wọ ọkọ̀ kan, ọmọbìnrin kúkúrú tó wá síbí nígbà kan tó ní ata mi ò ta tó. Nítorí Dàpọ̀ lo ṣe yan èyí tó o yàn. Ìdí yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe rí i, lẹ́yìn náà kó o ṣe èyí tó bá tẹ́ ọ lọ́rùn, ìwọ ni wọ́n fún níṣẹ́.

O mọ iṣẹ́ tí mo ṣe, àmọ́ mi ò rò pé mo ti jókòó sọ ọ́ fún ọ rí. Ọlọ́pàá ni mí nílé, ní Ìbàdàn, kí n tó fẹ́ bàbá yín. Ilé tí wọ́n ń kó ìbọn sí ni wọ́n fi mí sí. Nígbà tí yunifásítì gba bàbá yín síbí, tí àwa náà sì di ọmọ onílùú, iléeṣẹ́ kan tó ń fi ọkọ̀ ṣọ́ àwọn ṣọ́ọ̀bù gbà mí pé kí n máa tọ́jú ìbọn wọn, kí n sì máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ibẹ̀ ni mo wà títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ìwọ àti àbúrò rẹ kàn mọ̀ pé Mọ́mì ń lọ síbi iṣẹ́, pé òórùn òróró ìbọn wà lára aṣọ Mọ́mì.

Ìbọn pọ́m̀pù kò le. Ọta tò sínú ọ̀pá kékeré tó wà lábẹ́ ọ̀pá ńlá. Ọwọ́ kan wà lẹ́yìn níbi tí ìka ti ń yìn ín, ọwọ́ kejì di ìdìmú tó wà níwájú. Ọwọ́ iwájú yẹn á fa ìdìmú sẹ́yìn, èèpo ọta tí a ti yìn á fò jáde. Á tì í padà síwájú, ọta tuntun á wọlé. Bó bá fà á dé ìdí, ìbọn lo gbé dání. Bó bá kù díẹ̀ kó dé ìdí, irin lásán lo gbé dání. Fi èyí sọ́kàn, màá padà síbẹ̀.

Èkíní ni ọ̀rọ̀ ìwúwo. O ní ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fúyẹ́ gan-an, pé ọkùnrin kan nínú ìgbìmọ̀ yín ní kẹ́ ẹ ra ìyẹn fún àwọn obìnrin. Dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, má sì gbà. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá, wọ́n kó ìbọn sílẹ̀ pé ká mú. Mo sáré mú èyí tó fúyẹ́ jù, mo rò pé mo gbọ́n ju àwọn tó kù lọ. Mo yìn ín, ìdí rẹ̀ sì gbá mi léjìká bí ẹni tó ń bá mi jà. Ìbọn tó fúyẹ́ máa ń ta sẹ́yìn ju èyí tó wúwo lọ. Ẹnjiníà ni ọ́, o mọ ìdí rẹ̀ jù mí lọ. Èjìká mi wú, apá mi ò gòkè, ìyá mi ló ń bá mi di irun. Wíwú yẹn lọ. Èyí tí kò tètè lọ ni pé kí ìbọn tó dún, ojú mi á ti dì. Ẹni tó bá dijú kò mọ ibi tí ọta rẹ̀ ń lọ, àwọn tí wọn yóò sì gbé ìbọn yín, ojú ọ̀nà tí àwọn èèyàn ti ń ra tòmátò ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Mú èyí tó wúwo díẹ̀, kí rọ́bà tó nípọn wà ní ìdí rẹ̀. Fífúyẹ́ kọ́ ni àánú.

Èkejì, má jẹ́ kí wọ́n pa oríṣi méjì pọ̀. Mo gbọ́ tó o sọ pé bí ọ̀kan ò bá tó, ẹ máa fi òmíràn kún un. Rárá o, Àjọkẹ́. Gbogbo ìbọn ló ní bọ́tìnì tí kì í jẹ́ kó ṣèèṣì yìn. Lára àwọn kan, òkè lẹ́yìn ló wà, àtàǹpàkò ló ń tì í. Lára àwọn mìíràn, ẹ̀gbẹ́ ibi tí ìka ti ń yìn ín ló wà, ìka tó tẹ̀lé àtàǹpàkò ló ń tì í. Mo bá oríṣi méjèèjì nínú àpótí kan náà níléeṣẹ́ wa, mo sì fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí mi ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé obìnrin Nàìjíríà tó dé lánàá ti ń tún ilé onílé ṣe. Ní pápá, àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ á máa fọwọ́ pa ẹ̀yìn ìbọn bí ẹni tó ń wá suwíìsì iná nínú ilé àlejò. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, èmi náà ń bá wọn rín in. Nígbà tó yá ni mo tó ní kí wọ́n kó oríṣi kan kúrò, ọpẹ́ sì ni pé pápá ni gbogbo ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni pápá, ọ̀tọ̀ ni ibi tí ẹ̀rù ti ń ba èèyàn. Kó o sì béèrè àwọn tó ń lo ọwọ́ òsì nínú wọn, nítorí bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ bá wọn lọ́wọ́ mu. Ìwọ tí ìyá bàbá rẹ bá jà títí nítorí ọwọ́ tó o fi ń di síbí mú, ó yẹ kó o ti ronú kan èyí kí n tó sọ.

Èyí tó tẹ̀ lé e kò gùn. Ìbọn tí wọ́n ń ki ọta rọ́bà sí láti fi tú èrò ká, kó dá wà lọ́tọ̀, kí àwọ̀ ìdí rẹ̀ yàtọ̀ tó fi jẹ́ pé ẹni tó wà lódì kejì títì á rí i. Má gbọ́ tẹni tó bá ní ìbọn kan lè máa ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Ẹni tó rò pé rọ́bà ló wà nínú ìbọn rẹ̀, tó sì jẹ́ pé òjé ni, mi ò ní kọ ìyókù.

Ǹjẹ́ o rántí "Ó ṣófo" àti "Mo rí i"? Ibi iṣẹ́ yẹn ni mo ti gbé e wálé. Nígbà tí àwọn tó ń lọ sílé bá fẹ́ gbé ìbọn lé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ́wọ́, ẹni tó fẹ́ gbé e sílẹ̀ á ṣí i, á wo inú rẹ̀, á ti ìka bọ̀ ọ́, á sọ pé ó ṣófo. Ẹni tó fẹ́ gbà á kò gbọdọ̀ na ọwọ́. Òun náà á kọ́kọ́ wò ó, á ti ìka tiẹ̀ bọ̀ ọ́, á ní òun rí i. Ìgbà yẹn ló tó gbà á. Kò sí pé ọ̀gá ló gbé e wá tàbí ọ̀rẹ́ mi ni. Èdè Súlù ni wọ́n fi ń sọ ọ́ níbẹ̀, èmi wá ń sọ ọ́ ní Yorùbá nílé láì mọ̀. Dàpọ̀ á ṣí ìkòkò ìrẹsì tó ti fọ̀ tán, á gbé e wá fún mi, á ní, "Ó ṣófo, Mọ́mì." Mo gbọdọ̀ wo inú ìkòkò kí n tó dáhùn pé mo rí i. Ẹ rò pé eré ni. Mú ìbọn tí ibi tí wọ́n ń ṣí yẹn fẹ̀ tó kí ìka wọ̀ ọ́, kódà ìka tó wọ ìbọ̀wọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ òtútù ìlú yìí.

Mi ò ní ka iye rẹ̀ mọ́. Èyí tó jẹ mí lógún nìyí.

Iléeṣẹ́ wa fẹ́ ra ìbọn tuntun, bíi tiyín. Àwa mẹ́ta ni wọ́n ní ká dán an wò: ọ̀gá wa, Mandla tó jẹ́ àgbà nínú àwọn tó ń wọ ọkọ̀, àti èmi. O mọ bí mo ṣe ga. Èmi ni mo kúrú jù nínú wa. Oòrùn ń mú lọ́jọ́ náà, a bọ́ ẹ̀wù ayẹta wa sínú ọkọ̀ nítorí ooru, a wọ ṣẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, a mú èyí tó gùn, a yìn ín títí. Ó dùn lọ́wọ́ wa. Mandla ní òun ò tíì gbé ìbọn tó dára tó báyìí rí. A fọwọ́ sí i, a sun ẹran jẹ, a lọ sílé. Kò sẹ́ni tó gba rìbá, kò sẹ́ni tó puró. Àwa mẹ́ta ṣe iṣẹ́ wa bí a ṣe mọ̀ ọ́n.

Ẹni tí òun àti Mandla jọ ń wọ ọkọ̀ ni Nomvula. Bó bá dúró tì mí, orí rẹ̀ dé èjìká mi. Ó láyà, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n, kò sí ohun tí mo kọ́ ọ tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀wù ayẹta nípọn. Bí o bá wọ̀ ọ́, orí ẹ̀wù ni ìdí ìbọn ń jókòó lé, gbogbo ìbọn á sì tún sún síwájú. Fún èmi àti Mandla, kò sí nǹkan tó yí padà. Fún Nomvula, apá iwájú rẹ̀ ti nà tán kó tó kan ìdìmú, apá tó ti nà tán kì í lágbára láti fa nǹkan dé ìdí. Ó sọ fún mi. Ó ní, "Eish, Mama, ìbọn yìí gùn." Mo ní kó fara balẹ̀, pé yóò mọ́ ọn lára. Mandla náà ní yóò mọ́ ọn lára.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n pè wọ́n sí ṣọ́ọ̀bù ọmọ Nàìjíríà kan ní Hillbrow, níbi tí wọ́n ti ń ta irun àti ìpara. Olè méjì wà nínú ẹ̀. Mandla wọlé ṣáájú, Nomvula wà lẹ́yìn rẹ̀ lápá kan, bí a ṣe kọ́ wọn: ẹni iwájú á máa bá olè sọ̀rọ̀, ẹni ẹ̀yìn á máa ṣọ́ ẹni iwájú. Ọ̀kan nínú àwọn olè náà gbé ìbọn sókè. Nomvula yìn, ó bá ògiri. Ó fà á, kò dé ìdí. Ó tì í padà, ó tún fẹ́ yìn, ìbọn náà dún "kẹ́," kò sí nǹkan mìíràn. Nígbà tí mo lọ wo Mandla ní ilé ìwòsàn, ó ní òun ò gbọ́ ìró ìbọn tó bá òun, pé "kẹ́" yẹn nìkan lòun gbọ́. Èjìká ni ọta ti bá a. Àwọn olè sá lọ. Mandla kò kú, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n apá yẹn kò gòkè kọjá àyà mọ́. Ó ń ṣí géètì ilé-ìwé kan báyìí. Bí mo bá gba ibẹ̀ kọjá, ọwọ́ kejì ló ń jù sí mi.

Wọ́n ní ẹ̀rù ló ba Nomvula. Mo pè é wá síbi ìbọn, mo ní kó wọ ẹ̀wù ayẹta rẹ̀, kó fà á níwájú mi. Ó fà á, ó fà á, ìdìmú sì ń kù díẹ̀ kó dé ìdí. Ó kù bí ìbú ìka méjì. Mo dúró níbẹ̀, mo ń wo ìka méjì yẹn. A wá ìdí kúkúrú, èyí tí a ń gbé ti èjìká, sí gbogbo ìbọn náà, ó sì tán, kò tún ṣẹlẹ̀ mọ́. Ohun tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ ni. Nomvula kò dúró kó jẹ àǹfààní rẹ̀. Ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kí ìdí tuntun tó dé. Ó dùn mí, Mórẹ́nikẹ́. Ó ṣì ń dùn mí báyìí tí mo ń kọ ọ́.

Èmi tí mo ga yìí ni mo kọ́kọ́ fi ìdí kúkúrú yẹn yìnbọn. Kò dí mi lọ́wọ́ rárá. Ẹni tó ga lè lo ìbọn kúkúrú. Á kàn ká apá rẹ̀ díẹ̀ sí i ni. Ẹni tó kúrú kò lè lo èyí tó gùn, kò sí bó ṣe lè ṣe é. Nítorí náà, bí Dàpọ̀ bá ní ìbọn kan bá òun lára mu, kò tíì sọ nǹkan kan fún ọ nípa ìbọn náà. Ìwọ̀n ara rẹ̀ ló sọ fún ọ.

Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe rèé. Kó tó di ọjọ́ Ẹtì, sọ fún ìgbìmọ̀ rẹ pé àbúrò rẹ wà lára àwọn tó máa gbé ìbọn yìí, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ, kí wọ́n má gbọ́ ọ níbòmíràn. Bí wọ́n bá ní kó o yẹra, yẹra, kó o fi ohun tí mo kọ yìí lé ẹni tó bá gba ipò rẹ lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ní kó o máa ṣe é lọ, má pe Dàpọ̀ mọ́. Ní kí wọ́n mú àwọn tó kúrú jù nínú àwọn tó ń wọ ọkọ̀ wá, ọkùnrin àti obìnrin, kí wọ́n wọ ẹ̀wù ayẹta wọn àti gbogbo ohun tí wọ́n ń so mọ́ àyà. Kí wọ́n jókòó nínú ọkọ̀, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n yìn, kí wọ́n fà. Ìwọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, má wo ojú àmì tí wọ́n ń yìn. Ọwọ́ iwájú ni kó o máa wò. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ó gùn fún òun, má sọ fún un pé yóò mọ́ ọn lára.

Mo mọ ohun tí wàá sọ. Wàá ní, "Mọ́mì, ẹ má wọ́rì, wọ́n ti dán an wò." Àwọn wo ló dán an wò? Béèrè. Bóyá wọ́n wọ ẹ̀wù wọn. Béèrè ìyẹn náà.

Àná, nígbà tó o lọ gba fóònù, mo bi Dàpọ̀ pé ta ló máa ń wọlé ṣáájú bí wọ́n bá pe òun àti Lindiwe síbi kan. Ó wò mí bíi pé ìbéèrè òmùgọ̀ ni. Ó ní, "Èmi ni nah, Mọ́mì, èmi ni mo ga." Ó tún bu ìrẹsì sí i.

O fẹ́ràn àbúrò rẹ, mo mọ̀. Láti kékeré lo ti ń dúró sí iwájú rẹ̀ bí ajá bá gbó. O ti wá ìbọn tó dáa fún un, o rò pé o ti dáàbò bò ó. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ní Hillbrow, Dàpọ̀ ni yóò wà níwájú tí yóò máa sọ̀rọ̀. Ìbọn tó máa gba àbúrò rẹ sílẹ̀ kọ́ ni èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ Lindiwe ni, lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí Dàpọ̀ kò ti lè rí i.

Mo ti tọ́jú ìrẹsì àná tó kù sínú fíríìjì, wá gbé e bó o bá ń kọjá láti Braamfontein. Kí Ọlọ́run là ọ́ lójú sí ohun tó yẹ kó o rí, kó sì fún ọ ní ẹnu láti sọ ọ́. Má dá mi lóhùn pé "Noted." Ìgbà tí Lindiwe bá ti wọ ẹ̀wù rẹ̀, tó fà á níwájú rẹ, tó sì dé ìdí, ni kó o tó kọ̀wé sí mi. "Mo rí i" ni kó o kọ. Mi ò fẹ́ gbọ́ nǹkan mìíràn.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.